Òdo Lórí Káàdì Ìyàwó Wa

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìyànà Ìbà, ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn wá sí ọ́fíìsì wa, ó ń nu òógùn ojú, ó sì béèrè ibi tí ilẹ̀ náà wà gan-an.

Wálé gbójú sókè níwájú kọ̀ǹpútà. "Ilẹ̀ wo, sà?"

"Ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ìsàlẹ̀ yìí ni mo wà láti àárọ̀, mo sì ń gbọ́ yín lójú fèrèsé. Ẹ ní prọ́pátì kan ò ní ẹni tó ni ín. Ẹ ní òmíràn wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò. Tó bá jẹ́ ọ̀nà Ìbà ni, mo fẹ́. Tó bá jẹ́ Àjàngbádì pàápàá, a lè jọ sọ ọ́."

Wálé kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga fún ọkùnrin náà, ó ní kí n bu omi tútù wá, ó wá ṣàlàyé fún un pé inú kọ̀ǹpútà ni prọ́pátì tí à ń wí wà, kò sí ẹni tó lè kọ́lé sí i. Ọkùnrin náà mu omi tán, ó wo ẹ̀rọ náà títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rọra sọ̀rọ̀. Mo ti ń ka búlọ́ọ̀kù lọ́kàn."

Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀ tán ni Wálé tó gbé orí lé tábìlì, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Kò ní fi yín ṣẹ̀sín níṣojú yín.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé prọ́pátì fún ẹ̀yin náà, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹ ronú káàdì tí wọ́n fi ń gba orúkọ aláboyún ní ilé ìgbẹ̀bí. Kí wọ́n tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, wọ́n ti tẹ káàdì náà sílẹ̀. Ó ní ààyè fún orúkọ, ààyè fún ọjọ́ orí, ààyè fún àdírẹ́sì. Bí káàdì náà ṣe rí nígbà tí ó ṣì ṣófo, òun là ń pè ní kíláàsì. Ààyè kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀ ni prọ́pátì. Ẹni tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ pé ààyè báyìí wà, nọ́ńbà ni yóò wọ ibẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀. Bí ó bá gbàgbé láti sọ ọ́, tàbí tó lọ mú nǹkan jáde nínú ààyè tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi nǹkan sí, ìjàngbọ̀n dé.

Èmi kò mọ èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí nígbà tí mo débẹ̀. Ìwé ẹ̀rí girama ni mo ní, mo sì mọ táìpù dáadáa. Iṣẹ́ táìpù náà ni wọ́n gbà mí fún. Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Èkìtì tó ti ṣe olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó gba yàrá méjì lókè ilé kan, tó ra kọ̀ǹpútà, tó sì gba Wálé síṣẹ́. Ẹgbẹ́ ni èmi àti Wálé, ṣùgbọ́n pọlí ni òun ti jáde. Òun ló kọ́ mi. Bí mo bá ti parí táìpù tèmi, yóò ní, "Mojí, fa àga rẹ wá síbí, wá wo ohun tí mo ń bá jà."

Ọ̀gá ní òfin kan tí n kò rí níbòmíràn láti ìgbà náà. Wọ́n ní Yorùbá ni kí á máa fi sọ gbogbo prọ́pátì lórúkọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ ti gbà fún ara rẹ̀; bí ẹ bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pe prọ́pátì yín, kò ní gbà. "Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ilé wa tí wọ́n ti gbà," Ọ̀gá wí, "ẹ jẹ́ kí á tètè lò ó."

Òfin dáadáa ni, àfi ohun kan: kò sí àmì lórí bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀. Bí a bá kọ "oko", ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ ibi tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́, ó sì lè jẹ́ ohun tí a wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Nítorí náà à ń fi ẹnu bi ara wa léèrè.

"Mojí, oko wo lo kọ síbí?"

"Ọkọ tí wọ́n ń fẹ́ ni."

"Ó dáa. Tèmi ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n pàdé o."

Lẹ́yìn tí mo ti lo bí ọdún kan níbẹ̀, Ọ̀gá ra ètò kan tó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ iṣẹ́ wa wò. Kò ní ṣiṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kíkà ló máa kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó wá to gbogbo ohun tí kò bá dára sójú ìwé. Ọjọ́ tí Wálé kọ́kọ́ lò ó ló ti sọ ọ́ ní Wolé-wolé. Ẹni tó bá dàgbà nígbà tí wolé-wolé ṣì ń yẹ agboolé wò yóò mọ ìdí rẹ̀. Wolé-wolé kò gbé nílé yín, kò jẹun níbẹ̀, kò sùn níbẹ̀. Ó kàn máa ń wọlé, ó máa ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá ìdin wà níbẹ̀, ó sì máa ń kọ orúkọ baálé. Tiwa náà kò yàtọ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ ni ti ilé ìgbẹ̀bí kan ní Okokomáíkò. Ìyá àgbà tó ni ín ti ṣe nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, Màmá Nọ́ọ̀sì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ń kó ìyàwó wọn wá síbẹ̀, àwọn obìnrin tó ń tajà ní Alábà náà ń wá. Màmá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa tọ́jú káàdì wọn. Wálé kọ ètò náà, a gbé e lọ, ó ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Bí aláboyún bá jókòó síwájú nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ yóò dúró gbagidi, kò ní lọ, kò ní bọ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì fúnra wọn gun àtẹ̀gùn wá. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ yín ń rọbí ju àwọn obìnrin mi lọ." Wọ́n ní tí ètò náà kò bá ti dára ní ọjọ́ Ẹtì, kí á wá kó ẹrù wa, àwọn yóò padà sí ìwé àti bírò.

Nígbà tí wọ́n lọ, Ọ̀gá pe Wálé sínú yàrá kejì, wọn kò sì ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ọ.

"Wálé, ilé ìgbẹ̀bí yìí ni oníbàárà tó tóbi jù tí mo ní. Tí Màmá bá dá iṣẹ́ padà, n kò ní lè tọ́jú ènìyàn méjì níbí mọ́. Ìwọ lo kọ ọ́. N kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mo tàn ọ́."

"Mo gbọ́, sà."

Ìṣòro iṣẹ́ nìkan kọ́ ló wà lọ́rùn Wálé. Ìyàwó rẹ̀, Fọlákẹ́, lóyún, ilé ìgbẹ̀bí yẹn náà ló sì ti forúkọ sílẹ̀. Ìyàwó wa ni mo máa ń pè é. Ó ti bímọ kan ṣáájú, ní ìlú àwọn òbí Wálé, ọmọ náà kò sì rí ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ló sọ fún mi. Ọjọ́ tí Wálé padà síbi iṣẹ́, mo kí i kú ọ̀nà, ó ní, "Mojí, má bi mí ní nǹkan kan." N kò bi í rí.

Wálé kó gbogbo iṣẹ́ náà fún Wolé-wolé. Ojú ìwé tó tẹ̀ jáde gùn débi pé ó ká mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn pírińtà. A jókòó, a ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé prọ́pátì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń bú: "iye".

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Wálé kọ kíláàsì kan fún Obìnrin, ó fi "iye" sí i, iye ìgbà tí obìnrin náà ti bímọ. Ó wá kọ kíláàsì kejì fún Aláboyún, tó jogún gbogbo ohun tí Obìnrin ní, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe ń jogún ìyá. Ó tún fi "iye" sí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ìyè ló ní lọ́kàn níbẹ̀, àwọn ọmọ tó wà láàyè. Lẹ́nu wa, ọ̀rọ̀ méjì ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan ni. Ti ọmọ bo ti ìyá mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ èyí tí ẹ̀rọ ń kà.

Ẹ̀sùn kejì ni pé "iye" kò ní nǹkan nínú lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni ètò náà ń lọ mú nǹkan níbẹ̀. Ìyẹn ló ń mú ẹ̀rọ dákú. Kò yà mí lẹ́nu. Ta ni nínú àwọn ìyá wa tó máa jókòó kó máa ka ọmọ rẹ̀ fún àjèjì? Ẹ bi obìnrin Alábà pé ọmọ mélòó ló bí, yóò wo ojú yín, yóò ní Ọlọ́run ti ṣe é, tàbí kó ní ṣé ẹ fẹ́ kà wọ́n tán ni. Nọ́ọ̀sì yóò fi ààyè yẹn sílẹ̀ ní òfo, yóò bọ́ sí èyí tó kàn.

Ọ̀gá wo ìwé náà, wọ́n ní, "Èyí kò le. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú iye méjèèjì. Ẹ wá fi òdo sínú èyí tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Wálé ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbà á ní àkókò rárá. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó tún pe Wolé-wolé, Wolé-wolé sì ka iṣẹ́ náà tán láìwí nǹkan kan. Ọ̀gá fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn Wálé, wọ́n ránṣẹ́ ra mínírà fún wa. Ara tu gbogbo wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Fọlákẹ́ yà kí òun àti ọkọ rẹ̀ lè jọ lọ sílé. Inú Wálé dùn, ó ní, "Wá wo káàdì rẹ. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ rí i." Ó tẹ orúkọ rẹ̀, pírińtà han, ó fa káàdì náà ya, ó fi lé e lọ́wọ́.

Fọlákẹ́ ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín sí bí wọ́n ṣe kọ àdírẹ́sì. Ó wá gbé e súnmọ́ ojú.

"Iye: òdo," ó kà á síta. "Wálé, ohun tó wà níbí ni pé n kò bímọ rí."

"Rárá o. A kò tíì tẹ nǹkan kan síbẹ̀ ni. Òdo yẹn kàn dúró fún…"

"Ta ni ó dúró fún?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé orí tábìlì mi jọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé púpọ̀ níbẹ̀.

"Màmá rẹ ní kí n má kà á," Fọlákẹ́ wí. Kò pariwo. "Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè, n kò kà á. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ la rí i, Wálé. Ojú rẹ ló ní." Ó ká káàdì náà sí méjì, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó yíjú sí mi. "Mojí, omi wà?"

Mo bu omi fún un. Nígbà tó ń mu ún, Wálé padà sídìí ẹ̀rọ, ó ṣí iṣẹ́ náà, ó sì pa gbogbo òdo tó kọ rẹ́. Ó tún pe Wolé-wolé. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́yìn pírińtà bí ti tẹ́lẹ̀.

Ìró rẹ̀ ni Ọ̀gá gbọ́ tí wọ́n fi jáde. "Kí ló ṣe iṣẹ́ tó ti mọ́?"

"Kò mọ́, sà. Ìkòkò la gbé pamọ́ fún Wolé-wolé."

"Ọ̀la ni Màmá ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì rántí ohun tí mo bá ọ sọ."

"Mo rántí, sà. Òdo kì í ṣe òfo, sà. Òdo, ìdáhùn ni. Ẹni tí a kò bi léèrè, a kò lè bá a dáhùn."

Ọ̀gá wo Fọlákẹ́, wọ́n wo ìwé tó ń tú jáde. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n kàn ní, "Ó kù sọ́wọ́ yín," wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn.

Kò pẹ́ tí iná lọ, a kò sì ní jẹnẹrétọ̀. Ilé ni a lọ. Nígbà tí mo dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Wálé ti wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó ní, "Mo bi Fọlákẹ́ léèrè lánàá. A kò sọ̀rọ̀ ọmọ náà rí títí di àná. A sọ ọ́."

Orúkọ la kọ́kọ́ tún ṣe. Wálé ní kí á pe ti ìyá ní "ibi", ìyẹn ìbí. Mo ní, "Wálé, ibi náà ni ohun tí kò dára, ibi sì tún ni ohun tó ń tẹ̀lé ọmọ jáde. Ṣé o fẹ́ kí Màmá lé wa ni?" Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní àárọ̀ náà. A pe ọ̀kan ní "igbabimo", a pe èkejì ní "omoalaaye". Ó gùn, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe lè ṣì í kà.

Lẹ́yìn náà a fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní aṣọ́nà: prọ́pátì kékeré kan tí ń sọ bóyá a ti béèrè tàbí a kò tíì béèrè. "A kò tíì béèrè" ni a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òtítọ́ ni nígbà tí káàdì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀. Kò sí apá kankan nínú ètò náà tó tún lè dé ìdí nọ́ńbà láìkọ́kọ́ bá aṣọ́nà sọ̀rọ̀. Wálé ń kọ, èmi ń ka ẹ̀sùn Wolé-wolé fún un, mo ń fi bírò fa ìlà sí èyí tí a ti parí. Ìwé náà ń kúrú sí i nígbàkigbà tí a bá tún un tẹ̀. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló kù nígbà tí a gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì lórí àtẹ̀gùn; apá tó ń ṣírò gbogbo ọmọ tí wọ́n bí lóṣù ló wà. Wálé yọ odindi apá yẹn kúrò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀rọ ti bí?" Màmá wí.

"Ó kù díẹ̀, mà," Wálé dáhùn. "Ìṣirò oṣù kò sí níbẹ̀. Kò tíì dára, n kò sì fẹ́ kí ẹ gba èyí tí kò dára."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Màmá jókòó, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra àwọn. Wọ́n ṣe bí ẹni pé oníbàárà wọn kan láti Alábà ló jókòó síwájú wọn. Orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dé ibi ọmọ, wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n bọ́ síwájú. Ẹ̀rọ kò dákú. Ó kọ ọ́ sí ojú rẹ̀: A KO TII BEERE.

"Irọ́ ni," Màmá wí.

Wọ́n fi ìka kan ojú ẹ̀rọ.

"Mo ti béèrè. Òun ni kò dáhùn. Ẹ má purọ́ mọ́ mi."

Wálé wò mí, mo wò ó. A kò ronú kan ìyẹn. Ó tẹrí ba, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, mà. Nǹkan mẹ́ta ni: a kò tíì béèrè, ó kọ̀ láti sọ, ó sọ. Mo lè fi kún un báyìí, tí ẹ bá lè dúró."

"Mo ti jókòó ná," Màmá wí. "Ẹ fi ẹnì kan hàn mí tó sọ."

Káàdì kan ṣoṣo ló ti kún. Wálé pe Fọlákẹ́ jáde. Ìgbà tó bímọ: 1. Ọmọ alààyè: 0.

Màmá súnmọ́ ojú ẹ̀rọ. "Ìyàwó rẹ nìyí. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì mi pé àkọ́kọ́ nìyí."

"Wọ́n ní kó má kà á ni, mà."

"Báwo ló ṣe bí èkíní?"

"Ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ púpọ̀, mà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dìde."

Màmá bọ́ awò ojú wọn. "Kò ní bí lọ́dọ̀ mi. N kò ní ẹ̀jẹ̀ nílé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní dókítà àti ẹ̀jẹ̀ ni yóò lọ, èmi fúnra mi ni màá kọ ìwé tó máa mú dání." Wọ́n yíjú sí Ọ̀gá. "Ẹ̀yin, n kò dá nǹkan yìí padà. Ẹ bá mi fi 'ó kọ̀ láti sọ' yẹn kún un."

Wálé fi kún un kí Màmá tó kúrò lórí àga. Ọ̀gá kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ ìlékúrò mọ́. Láti oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n ti fún èmi náà ní kọ̀ǹpútà tèmi, táìpù sì di iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mo pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, mo sì lo oríṣiríṣi Wolé-wolé tó gbọ́n ju tiwa ìgbà yẹn lọ. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé ààyè kan ṣófo, n kì í yára wá ohun tí màá fi dí i. Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ìdí tí ó fi ṣófo.

Ìyàwó wa bí nígbà òjò. Wálé kò wá síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, èmi àti Ọ̀gá sì ń wo ojú ara wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan a gbọ́ ọ nísàlẹ̀, ó ń kí fọkanáísà. Ó wọlé, ó rẹ̀ ẹ́, kò tíì fá irùngbọ̀n.

"Kí lẹ bí?" mo béèrè.

"Obìnrin. Àwọn méjèèjì wà dáadáa." Ó jókòó, ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ọmọ wa kejì."